Àgbá Tó Kọ̀ Níbi Òkú Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ òrùlé wọlé láì tẹ orí ba, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Koríko náà máa ń rọ̀ wálẹ̀ kọjá ògiri, àgbàlagbà sì ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ilé páànù lónìí kò lè mọ bí ẹ̀rù iná ṣe máa ń bà wá nígbà náà. Bí iná bá ta sórí koríko nínú ẹ̀ẹ̀rùn, odindi agbo ilé lè jó tán kí ẹni tó lọ pọnmi lódò tó dé. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé aláìbìkítà ni àwọn àgbà ìgbà náà. Wọ́n ní òfin, òfin wọn sì le. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni bí òfin ṣe wà, tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n, tí ọmọ kan sì tún kú.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, tí ẹ bá ti gbé bánga yín jáde, ẹ ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa omi, ẹ ó sì máa sọ láàárín ara yín pé Màmá tún ti gbé omi wọn dé. Mo ń gbọ́ yín. N kò bínú. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, n kò sì fẹ́ kí ẹ jogún garawa láì mọ ohun tí ó wà fún.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí ìjọba wọn múlẹ̀ ni. Ọ̀yọ́ ni òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ń gbé, ó máa ń gun ẹṣin wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí bánga tí wọ́n ń tà nínú ìsọ̀. Àgbá la ní. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín kò rí i rí. Irin ni àgbá. Ó nípọn, ó ga tó orúnkún àgbàlagbà, ó dà bí odó kékeré tí wọ́n gbẹ́ ihò tóóró sí nínú. Wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní ìta gbangba kó má baà ṣubú. Wọ́n á wá ki ẹ̀tù sínú rẹ̀, ẹ̀tù dúdú kan náà tí àwọn ọdẹ ń kì sínú ìbọn, wọ́n á fi ewé gbígbẹ àti amọ̀ dí i lẹ́nu, wọ́n á sì fi igi gún un títí á fi le. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ẹnu ihò yìí ni wọ́n á ti da ẹ̀tù sílẹ̀ ní ìlà gígùn lórí ilẹ̀. Ẹni tó máa yìn ín á so ìtùfù mọ́ orí ọ̀pá, á fi kan ìparí ìlà náà, á sì yára kúrò níbẹ̀. Iná á sáré tọ ìlà náà lọ, á wọ inú ihò, àgbá á dún, ilẹ̀ á sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wa.

Ìdùnnú ńlá ni fún àwa ọmọdé. N kò ní purọ́ fún yín. Bí wọ́n bá ti ní àgbá máa dún, a ò ní lè jẹun.

Àgbà ọdẹ kan ló ń tọ́jú àgbá àdúgbò wa. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Irun kò hù mọ́ ní ìpéǹpéjú rẹ̀ kan, ibẹ̀ dán bí awọ inú ọwọ́, kò sì sọ ohun tó ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Òun ló ni òfin. Ẹni tó bá fẹ́ yin àgbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sọ fún Baálẹ̀, kí akéde lè kéde rẹ̀ káàkiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ogun ló fa èyí. Àwọn àgbà tó wà nílùú nígbà náà ti rí ogun, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti lé kúrò nílé rí. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó jẹ́ pé, bí ìbọn bá dún tí kò gbọ́ akéde, á ti di ẹrù rẹ̀, á ti jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, á máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá pé ibo ni wọ́n ń sá lọ. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ náà ti pàṣẹ láti Ọ̀yọ́ pé òun kò fẹ́ gbọ́ ìró ẹ̀tù tí Baálẹ̀ kò mọ̀ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀tù kò gbọdọ̀ sun inú ilé. Inú akèrègbè tí wọ́n dé lẹ́nu ló ń wà, nínú ahéré kan tó dá dúró lẹ́yìn ilé Bàbá Ọdẹ. Ẹni tí ìkòkò tábà bá wà lẹ́nu rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Kí wọ́n tó yin àgbá, àwọn ìyàwó ilé á pọnmi, wọ́n á fi wọ́n koríko gbogbo ilé tó dojú kọ ìta títí omi á fi máa kán. Àwa ọmọdé, wọ́n á kó wa sẹ́yìn ògiri àgbàlá, wọ́n á sì fi obìnrin kan tì wá. A ò ní jáde títí Bàbá Ọdẹ fúnra rẹ̀ á fi wá pè wá.

Òfin tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù. Bí àgbá bá kọ̀ tí kò dún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà náà ni Bàbá Ọdẹ á lọ da omi sí i, á sì wú u. Ó máa ń sọ pé iná lè wà nínú rẹ̀ tí ojú kò ní rí i.

Gbogbo òfin wọ̀nyí wà, mo ti kà wọ́n fún yín, mo sì gbà pé wọ́n dára. Àṣà kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí òfin kankan kò dé. Bí a bá ń ṣe òkú àgbà ní ilé wa, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí olóògbé bí ló ń ní àgbá tirẹ̀. Bí àgbá ẹ̀gbọ́n bá dún, àwọn ìyàwó ilé á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á kì í, á jó jáde, ó di ti àbúrò tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ènìyàn á gbà pé òkú ti gbọ́ tirẹ̀, ó sì ti dáhùn. Ẹ̀yin náà ẹ lè rí ohun tí wọ́n á máa rò bí ti ẹnìkan bá kọ̀.

Ìyá bàbá mi ló kú. Òkú ọlọ́mọ ni, ó ti gbó, ẹnikẹ́ni kò fi ikú rẹ̀ ṣe ìbànújẹ́. Wọ́n sin ín, ṣùgbọ́n wọ́n dá ayẹyẹ dúró de àbíkẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin, àbúrò bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré. Kúmásì ló wà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò dé ibẹ̀ tipẹ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Bàbá Kékeré ti lọ kí wọ́n tó bí mi. Ó ń ránṣẹ́ sílé, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó sì ń sọ pé òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ náà kò dé títí ìyá fi kú.

Nígbà tó wá dé, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó sì fi í sílẹ̀ ní Kúmásì. Ọmọ náà kéré sí mi díẹ̀. Ará Kúmásì ni wọ́n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Yorùbá rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin. Ohun tó máa ń pa àwọn ìyàwó ilé lẹ́rìn-ín jù ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ọwọ́ ló ń nà. Á na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó jẹ́ àkọ́bí ìyá àgbà, bí ìgbà tí òyìnbó bá ń kí òyìnbó. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìkòkò omi la ti ń kọ́ ọ, èmi á ṣe ìyá àgbà, òun á kúnlẹ̀. Orúnkún kan ló ń fi sílẹ̀ ní àkọ́kọ́. Mo ní rárá, méjèèjì ni. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, títí kan ọmọ ẹgbẹ́ wa, bàbá rẹ̀ sì ń wò ó pẹ̀lú ẹ̀rín. A jọ ń sùn lórí ẹní kan náà títí ọjọ́ òkú fi pé.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí akéde kéde. Láàárọ̀, Bàbá Ọdẹ wá bá bàbá mi, ó ní ọ̀rinrin ti wà nílẹ̀, òun kò fẹ́ràn rẹ̀, kí wọ́n sún un síwájú. Bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ti dé láti Ọ̀yọ́ àti láti oko, wọ́n ti pa ẹran, wọ́n ti se oúnjẹ, àwọn ọmọ osú, ọmọbìnrin ilé tó ti lọ́kọ síta, ti pé. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n padà. Wọ́n ní oòrùn á ràn. Oòrùn sì ràn lóòótọ́.

Ìyá mi ni wọ́n fi ti àwa ọmọdé lẹ́yìn ògiri. Ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ẹní dí, a sì ń yọjú láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá mi rí wa, kò lé wa, ṣùgbọ́n ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà gan-an, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dí i. Àgbá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kọ́kọ́ dún. Ará Kúmásì di etí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀. Ti bàbá mi tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ó dún, ìyá mi gbé ojú sókè, inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Ó wá kan Bàbá Kékeré.

Iná sáré tọ ìlà ẹ̀tù, ó dé ẹnu ihò, èéfín díẹ̀ jáde, ó sì tán. A dúró. Kò sí nǹkan kan. Bàbá Ọdẹ gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó kọ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Ó di ọ̀la."

Bó bá parí síbẹ̀ ni, n kò ní ní ìtàn kankan láti sọ. Àwọn ìyàwó ilé ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá wọn lẹ́jọ́ jù, iṣẹ́ wọn ni lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ láti máa fi àwọn ọmọ ilé ṣeré. Ọ̀kan nínú wọn gbé ohùn sókè, ó ní, "Ẹ ní sùúrù fún ọkọ wa. Àgbá ẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà Kúmásì."

Gbogbo ìta bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó béèrè bóyá aṣọ ló tún fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá dípò ara rẹ̀. Wọ́n fi ṣe orin, wọ́n ń ju apá. Bàbá Kékeré náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ ti yí padà, ó dà bí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ tí kò rí ẹni sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kò rẹ́rìn-ín. Omijé ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ yìí ju gbogbo wọn lọ, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó rìn lọ bá a láàárín ìta, orin sì dákẹ́. Ó ní, "Inú ló ń bí ìyá. Kò fojú kan ọmọ rẹ kó tó lọ. Mú un wá kó rí i, kó o bẹ̀ ẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ló mi orí. Ó ti kúrò ní yẹ̀yẹ́. Ó ti di ohun tó yé wọn. Bàbá Ọdẹ nìkan ló ń sọ pé irin ni, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kí wọ́n má sún mọ́ ọn. Wọn kò ta kò ó. Wọn kò kàn gbọ́ ohun tó ń sọ ni, nítorí òun ń sọ̀rọ̀ irin, àwọn ń sọ̀rọ̀ ìyá. Bàbá mi di agbádá Bàbá Kékeré mú. Bàbá Kékeré rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bẹ ìyá mi."

Ó wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ tàbí tí ẹ ti láya. Ìyàwó ilé ni ìyá mi, ọmọ ilé ni Bàbá Kékeré. Kí ìyá mi tó wọ ilé náà ló ti wà níbẹ̀, ọkọ mi ló ń pè é, kò lè pe orúkọ rẹ̀, kò sì lè bá a jiyàn níwájú àlejò. Síbẹ̀, kò ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi. Bàbá Ọdẹ ní kí wọ́n má jáde."

"Ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Kékeré na ọwọ́ kọjá lórí ìyá mi, ó pe ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì fi ayọ̀ lọ bá a. Ìyá mi di etí aṣọ ọmọ náà mú, mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Ta ni kò ní sọ pé ìyàwó ilé kan ń gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀?

Bàbá Kékeré dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Ó sọ nǹkan fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, ó tẹ orí sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ kí a gbọ́ òun nínú ilé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí a wà, bó ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá Àgbà."

Ìgbà náà ni ó dún.

N kò ní sọ ohun tí mo rí fún yín. Ìyá mi ti fi ìró rẹ̀ bo ojú mi kí èéfín tó tú, ṣùgbọ́n kò yá tó. Wọ́n fi ẹní gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó tó wà ní míṣọ́n, dókítà náà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ó sì sọ òtítọ́ fún wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Bàbá Kékeré kò kú. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan náà sì lọ. Nígbà tó gbọ́ pé òun yóò yè, ó yí ojú rẹ̀ tó kù sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Kékeré kò bínú sí i.

Lálẹ́, ẹní tí a jọ ń sùn lé ti tóbi jù fún mi.

Lẹ́yìn tí ilé ti fara balẹ̀ díẹ̀, àwọn àgbà pé jọ ní ojúde wa. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan nínú wọn pé bí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bá gbọ́ ní Ọ̀yọ́, á kó gbogbo ẹ̀tù lọ, àwọn ọdẹ kò sì ní rí nǹkan kan lò. Wọ́n ní kí Bàbá Ọdẹ fi kún òfin rẹ̀. Bàbá Ọdẹ ní òun kò mọ ohun tí òun lè fi kún un mọ́. Òfin wà, òun sọ ọ́, òun sì tún un sọ, gbogbo ènìyàn gbọ́. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá mi ló dìde láti ibi tí àwọn obìnrin wà. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ fi àwọn ọmọ sí mi lọ́wọ́, ẹ kò fún mi lágbára láti sọ pé rárá." Ó tún ní kì í ṣe ẹ̀tù ló mú ọkọ òun dé ìdí àgbá, ẹ̀rín wa ni. Ó ní bí wọn kò bá pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò ní lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan ní obìnrin fẹ́ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú. Bàbá mi dìde láàárín àwọn ọkùnrin, ó lọ dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá Ọdẹ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó gba ohun méjèèjì, Baálẹ̀ sì fi àṣẹ sí i, akéde sì kéde rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí wọ́n bá fi ọmọdé sí lọ́wọ́ níbi àgbá, ìbáà jẹ́ ìyàwó tí wọ́n gbé dé lánàá, kò gbọdọ̀ fi ọmọ kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe bàbá ọmọ, ìbáà ṣe baálé ilé. Àgbá kankan kò sì jẹ́ ti ọmọ kan mọ́. Ti òkú ni gbogbo rẹ̀. Bí èyíkéyìí bá kọ̀, Bàbá Ọdẹ á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Tiwa ló kọ̀." Gbogbo ìta á dáhùn pé, "Tiwa ni." Wọ́n á yí ẹ̀yìn sí i, wọ́n á lọ jẹun.

Ó kọ̀ lẹ́yìn náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ wọn tí wọ́n dáhùn, ẹnikẹ́ni kò sì farapa ní àdúgbò wa títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Bàbá Kékeré padà sí Kúmásì láti lọ bá ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ fún un, ó ní òun kò ní ránṣẹ́. Kò wálé mọ́. Nígbà tó kú níbẹ̀, ó ti sọ fún àwọn ọmọ tó bí lẹ́yìn náà pé kí wọ́n má yin nǹkan kan fún òun.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá mi. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni mo ti bí àwọn òbí yín. Ibi kíbi tí wọ́n bá ti ń yìnbọn lọ́jọ́ ọdún, ìyá mi kì í dúró níwájú. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á kó gbogbo ọmọ tó bá wà nítòsí sẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ẹni tó mọ̀ àti ọmọ ẹni tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, olówó kan wá pe ọmọ rẹ̀ jáde. Ìyá mi ní rárá, kò sì kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ayé ti yí padà. Koríko bẹẹrẹ ti lọ, páànù ló kù, ẹ kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wíwọ́n òrùlé. Àwọn tó rí ogun ti kú tán, kò sí arúgbó tó ń di ẹrù mọ́ bí ìbọn bá dún. Àgbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo gbọ́ pé inú koríko ló wà lẹ́yìn ilé kan, ewúrẹ́ ń fi ara nù ún. Akéde kò sí mọ́. Ẹ ń ra bánga nínú ìsọ̀, nínú ìwé aláràbarà, ọmọdé ló ń tà á fún ọmọdé, kò sí Bàbá Ọdẹ kankan tó dúró tì í. Mo ti sọ fún yín pé kí ẹ má tàn án lọ́wọ́, kí ẹ má tàn án nítòsí epo tàbí aṣọ tí wọ́n sá, kí ẹ má sì kó o sápò. Ẹ ti gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́. Àwa náà gbọ́.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, ẹ tò ó sílẹ̀ ní iwájú ilé, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Wọ́n ń dún, ẹ ń fò sókè. Ọ̀kan kò dún. Mo gbọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tí tiyín ti dún, ẹ ní, "Tìẹ ti kú, tìẹ ti kú." Mo rí ọmọ tí tirẹ̀ kò dún. Mo rí ìdúró rẹ̀, mo sì mọ ìdúró náà. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kó lè fẹ́ iná sí i lẹ́nu, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, nítorí ẹ sọ lẹ́yìn náà pé ẹ kò mọ̀ pé Màmá ṣì lè sáré.

Mo da omi sí i. Gbogbo garawa náà ni mo dà, ó sì pariwo ṣìì kó tó kú. Bàbá yín jáde wá, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó béèrè pé ti ta ni kò dún. Ẹ ń wo ara yín. Èmi ni mo dá a lóhùn pé tiwa ni.